Bí a ṣe ń ṣọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ tí epo bẹntiróòlù ti bà jẹ́

Lọ́dún 2011, UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé ìròyìn jáde nípa ilẹ̀ Ògóni ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá benzene, kẹ́míkà kan tó wà nínú epo bẹntiróòlù, nínú kànga táwọn èèyàn ń mu, ó sì fi ìlọ́po tó lé ní 900 ju ìlànà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lọ. Epo tó léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Benzene yìí lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Máíkrógíráàmù 10 péré nínú lítà kan ni WHO fọwọ́ sí, imú kò sì lè gbóòórùn ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí dẹ́pò tàbí iléeṣẹ́ tí táǹkì rẹ̀ bá ti jò kò fi gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí omi bá ń rùn.

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ìṣọ́. Páìpù PVC tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 ni, ó ní ojú wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà wọlé. Ojú wẹ́wẹ́ náà gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí omi ń dé lákòókò òjò, kó sì rékọjá ibi tó ń fà sẹ́yìn dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí orí omi ni epo ń wà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù so páìpù pọ̀, kẹ́míkà inú rẹ̀ á wọ omi. Onískúrù ni kí ẹ lò. Kànga mẹ́ta tí kò tò sórí ìlà kan ló kéré jù, kí awọnlẹ̀ sì wọn gíga ẹnu wọn, kí a lè mọ ibi tí omi ń ṣàn sí. Ọ̀kan ní apá ibi tí omi ti ń bọ̀, ọ̀kan nítòsí ibi tó jò, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pààlà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mo kà sí pàtàkì jù.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ wọn ìjìnlẹ̀ omi nínú gbogbo kànga kí ẹ tó fa omi kankan. Ẹ̀rọ kan wà tí ìró rẹ̀ fún epo yàtọ̀ sí ti omi. Bí kò bá sí, ẹ lo tépù onírin pẹ̀lú irú ìpara táwọn ilé epo fi ń mọ̀ bóyá omi wà nísàlẹ̀ táǹkì; ọ̀kan wà fún omi, òmíràn wà fún epo. Kànga tí epo bá léfòó nínú rẹ̀, ẹ kọ ìnípọn epo náà sílẹ̀, ẹ má sì bu omi rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Òjò ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ níbi iṣẹ́ yìí. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ga, á bo epo tó há sáàárín iyanrìn mọ́lẹ̀, ti inú kànga á wá fẹ́lẹ́ tàbí kó pòórá. Ẹni tó bá wọn ọ́n ní oṣù kẹsàn-án nìkan á ní ilẹ̀ ti mọ́. Kó padà wá ní oṣù kejì, á bá epo níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni kí ẹ máa wọn ọ́n, ẹ má sì sọ pé ó ń dínkù kí ọdún méjì tó pé.

Omi bíbù gba sùúrù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kànga tó mọ́ jù, ẹ parí sí èyí tó burú jù, ẹ máa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ èéfín rẹ̀ wá. Kí pọ́ọ̀ǹpù máa fà díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìdajì lítà lọ ní ìṣẹ́jú kan, títí ìgbóná, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) àti oxygen inú omi á fi dúró sójú kan. Benzene máa ń fò lọ: omi tí ẹ bá dà láti inú ike kan sí òmíràn ti sọ apá kan rẹ̀ nù, àbájáde yóò sì dára ju òótọ́ lọ. Ìgò gíláàsì mílílítà 40 tí láàbù ti kán ásíìdì sí ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn wọ̀ ọ́ rọra títí á fi kún dẹ́nu, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ kodò. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìgò tuntun ṣe òmíràn. Inú yìnyín ni kó wọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí láàbù sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ 14. Ẹ jẹ́ kí ìgò omi mímọ́ kan bá wọn rìn nínú kúlà láti láàbù lọ dé láàbù padà. Bí benzene bá yọ nínú rẹ̀, àbájáde tòní kò ṣeé gbára lé.

Benzene, toluene, ethylbenzene, xylene àti naphthalene, tí gbogbo wọn jẹ́ kẹ́míkà inú epo, ni kí láàbù wá. Ẹ ní kí wọ́n wo irin àti sulphate pẹ̀lú, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń jẹ epo: níbi tí wọ́n bá ti ń jẹ ẹ́, oxygen àti sulphate á lọ sílẹ̀, irin inú omi á pọ̀ sí i. Wọn kì í yára o. Ní Bemidji, ìpínlẹ̀ Minnesota nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí páìpù epo ti bẹ́ lọ́dún 1979, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onímọ̀ ti fi ń ṣọ́ omi ibẹ̀, epo ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ẹ ya àwòrán ìlà fún kànga kọ̀ọ̀kan, benzene àti gíga omi lórí ìwé kan náà. Bí ti ẹ̀gbẹ́ ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ wí fún àwọn aládùúgbò lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ yẹ kànga wọn wò, ẹ sì gbé omi mìíràn fún wọn. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n sè é, torí inú afẹ́fẹ́ ilé ìdáná ni benzene náà máa fò sí.