Bí mo ṣe rí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó jẹ́ kí ìlù tún máa bá mi sọ̀rọ̀

Ìyáàlù ló jẹ́ kí n mọ̀ pé etí mi ti ń di. Agboolé onílù ni wọ́n bí mi sí níhìn-ín l'Óṣogbo, mi ò sì rántí ìgbà kan tí ìlù sọ̀rọ̀ tí kò yé mi. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé àwo àpàlà kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi sí i. Ìlù ń dún, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí mo kọ́kọ́ rà, lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò yẹ etí mi wò rárá, ṣe mí láǹfààní díẹ̀: ìyàwó mi á pè mí láti kíṣìnnì, màá dáhùn. Ṣùgbọ́n orin tún burú sí i. Fèrè ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dún, á tún pòórá.

Ìgbà tí mo wá lọ ṣe àyẹ̀wò etí gidi, arábìnrin tó yẹ̀ mí wò ní, "Bàbá, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ yìí." Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kò ju bíi 65 dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe le tó) lọ, ìlù tí wọ́n ń lù nítòsí lè kọjá 100. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé gan-an ni ohùn tó le tó bẹ́ẹ̀ ti ń fọ́, ohun tó bá sì fọ́ níbẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tó lè tún un ṣe. Nítorí náà, nígbà tí mo ń wá òmíràn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi àwọn tó ń tà á nípa ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni bí ohùn tó lè gbà láìfọ́ ṣe le tó.

Mo tún ní kí wọ́n ṣe ètò orin lọ́tọ̀ sí èyí tí mo mú. Ohun tó ń pa súfèé ẹ̀rọ máa ń ṣi ohùn fèrè gígùn mú, á fẹ́ pa á. Ohun tó ń dín ariwo kù ń ka ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí ariwo. Èyí tó ń fa ohùn òkè wá sílẹ̀ ń ba orin jẹ́. Nínú ètò orin, a pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ròbá tó ń wọ etí náà ṣe pàtàkì. Etí mi ṣì ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà mo mú èyí tó ní ihò, kí agídìgbo lè gba ibẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi Bluetooth gbọ́ orin láti orí fóònù kò ní gbádùn irú rẹ̀, torí ihò yẹn náà ni ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà jáde. Ní ti bátìrì, 312 oníbébà aláwọ̀ igi, irú kékeré tí a ń lò tán tí a ń pààrọ̀, ni mo yàn, kì í ṣe èyí tí a ń fi iná sí, nítorí ọ̀rọ̀ iná tí kì í dúró.

Nílé, mo dín ohùn rédíò kù, mo fi kún ti ẹ̀rọ etí. Ọ̀nà tó dáa jù nìyẹn. Ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìyáàlù wá sí pálọ̀, mo lẹ sẹ̀lótéèpù kékeré mọ́ máìkì ẹ̀rọ náà kí ohùn tó ń wọlé lè dín kù, mo sì sún àga mi sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá wa. Kò tíì ki í tán tí mo fi dáhùn.