Bí mo ṣe kọ́ Python ní abídí wa

Màmá mi ní ìwé kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn sí fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ 412 láti inú rẹ̀ sínú fáìlì XML. Báyìí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí:

    <oro><ori>ẹja</ori><itumo>ẹran inú omi</itumo></oro>

Bí màmá ṣe ń rántí wọn ló ṣe ń kọ wọ́n, nítorí náà mo fẹ́ fi Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, tò wọ́n ní abídí.

    import xml.etree.ElementTree as ET
    igi = ET.parse("oro.xml")
    gbongbo = igi.getroot()
    gbongbo[:] = sorted(gbongbo, key=lambda e: e.findtext("ori", ""))

Òfo tó wà lẹ́yìn "ori" yẹn ṣe pàtàkì. Láìsí i, tí ọ̀rọ̀ kan kò bá ní ori, None (ìyẹn "kò sí") ni findtext máa mú wá, sorted á sì kọ̀ láti fi None wé ọ̀rọ̀. Pẹ̀lú òfo, irú wọn á kó jọ sókè. Ibẹ̀ ni mo ti rí méjì tí mo gbàgbé láti parí.

Kóòdù náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun tó gbé jáde kò ṣeé fún ọmọ Yorùbá. Yàrá ṣáájú àga. Ìwé, ṣíbí, ẹja àti ọjà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo wá ṣáájú gèlè.

Nọ́ńbà Unicode, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ni Python fi ń tò wọ́n: y jẹ́ 121, à jẹ́ 224, ẹ jẹ́ 7865. Kò sì mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb. Èyí tó tún le jù ni pé ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan tirẹ̀. Ẹlòmíràn á tẹ lẹ́tà ẹ kó tó fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn á tẹ é kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ọ̀kan. NFD, ìlànà Unicode tó ń ya àmì kúrò lára lẹ́tà, ló ń sọ méjèèjì di ọ̀kan, tí mo fi lè yọ àmì ohùn kúrò láìfọwọ́ kan àmì abẹ́ lẹ́tà. Mo wá fi ìlà sorted tuntun yìí rọ́pò ti àkọ́kọ́:

    import re, unicodedata
    abidi = "a b d e ẹ f g gb h i j k l m n o ọ p r s ṣ t u w y".split()

    def ipo(oro):
        s = unicodedata.normalize("NFD", oro.lower())
        s = "".join(c for c in s if c not in "\u0300\u0301")
        s = unicodedata.normalize("NFC", s)
        return [abidi.index(x) for x in re.findall("gb|.", s) if x in abidi]

    gbongbo[:] = sorted(gbongbo, key=lambda e: ipo(e.findtext("ori", "")))
    igi.write("oro_tito.xml", encoding="utf-8", xml_declaration=True)

Ẹ má ṣe yọ encoding yẹn kúrò o. Láìsí i, &#7865; ni ẹ máa bá níbi tí ẹ kọ lẹ́tà ẹ sí.

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wá di ọgbọọgba lójú ipo, nítorí mo ti yọ ohùn wọn. Sorted kì í da àwọn tó bá dọ́gba rú; bó ṣe bá wọn ló ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo lè fi ohùn tò wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ ni màmá kọ ṣáájú, ọkọ́ tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ kó wà bó ṣe kọ ọ́.