Bí a ṣe ń dá kẹ̀kẹ́ gùn lọ sí agbègbè ìlú ẹni, tí a ń sùn nínú àgọ́ lójú ọ̀nà

Ọ̀nà ìlú ẹni máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó ti wọkọ̀ gba ibẹ̀ láìmọye ìgbà á ní òun mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn mọ òkè. Ìgòkè tí mọ́tò fi ìṣẹ́jú 2 gùn lè gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ ẹni tó di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹ ṣètò ìrìn àjò yìí bí ẹni ń lọ síbi tí kò dé rí. Ẹ gbé máàpù sílẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí omi wà, ibi tí òkè wà àti ibi tí àgọ́ lè dúró sí, ní kìlómítà 10 sí 10. Ọ̀nà àbùjá tí ẹ ń gbà ní kékeré lè ti bọ́ sínú ọgbà ẹlòmíràn, afárá ibẹ̀ sì lè ti wó. Ẹ pe ẹni tó ń gbé ìtòsí, kí ẹ bi í ní ohun kan pàtó: ṣé kẹ̀kẹ́ ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá lásìkò yìí?

Lórí ọ̀nà ọ̀dà, kìlómítà 50 sí 60 lóòjọ́ tó fún ẹni tó ru kìlógíráàmù 15 sí 20. Lórí ọ̀nà eléruku, 30 sí 40 ni kí ẹ kà. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrú ju ìyókù lọ, torí ọjọ́ náà ni ìdí, ọrùn ọwọ́ àti orúnkún máa ń fẹjọ́ sùn. Bí orúnkún bá ń dùn yín níwájú, ó ṣeé ṣe kí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ jókòó lé e, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Rímù ẹ̀yìn ló ń ba ìrìn àjò jẹ́ jù, torí orí rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ẹrù àti ti ẹni tó gùn ún wà. Sípókù, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín tó so etí rímù mọ́ àárín rẹ̀, ló sábà máa ń kán níbẹ̀, pàápàá ní ọwọ́ tí gíà wà, nítorí ọwọ́ yẹn ni wọ́n fà le jù. Rímù onísípókù 36 ń fara da ẹrù ju onísípókù 28 lọ. Bí ọ̀kan bá kán, rímù á wọ́, á máa kan bíréèkì. Bí ẹ bá sì ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, òmíràn á tẹ̀ lé e, torí àwọn tó kù ló ń gbé ẹrù èyí tó kán. Ẹ mú 3 tàbí 4 dání, kí gígùn wọn bá tiyín mu rẹ́gí; ti ọwọ́ gíà sábà máa ń kúrú díẹ̀ ju ti ọwọ́ kejì lọ. Ẹ má gbàgbé irinṣẹ́ tí a fi ń tú gíà ẹ̀yìn: láìsí i, sípókù ọwọ́ gíà kò ṣeé kì bọ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín rímù tí sípókù ti jáde. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà lọ́wọ́ kan náà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà. Èyí tó bá dún wúyẹ́ ti dẹ̀.

Ní ti ẹrù, ohun tó wúwo ni kó wà nísàlẹ̀ àpò, kó sún mọ́ họ́ọ̀bù. Bí gbogbo ẹrù bá wà lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì máa ṣe ségesège lórí òkè, nítorí náà ẹ gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ síwájú. Bóòtù M5 (èyí tó nípọn tó mílímítà 5) tó so kíáríà mọ́ férémù máa ń tú fúnra rẹ̀ nítorí gbígbọ̀n ọ̀nà. Ẹ dì wọ́n láràárọ̀, kí ẹ mú méjì sí i dání. Okùn kankan kò gbọdọ̀ fì sílẹ̀ lára ẹrù, torí bó bá wọ sípókù, ṣíṣubú ló kàn. Kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, ẹ di gbogbo rẹ̀, ẹ gùn ún ní kìlómítà 20 sí 30, kí ẹ sùn síta lóru kan. Ohun tí ẹ kò bá lò, àfi irinṣẹ́, oògùn àti aṣọ òjò, ẹ fi sílẹ̀.

Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 40 sí 50 ló dára. Bí tíúbù bá jò, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ihò. Ihò méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ kò tó, rímù ló fún tíúbù mọ́lẹ̀. Ẹyọ kan tíńtín sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀gún. Ẹ fi àkísà nu inú táyà yíká, nítorí ẹ̀gún tó wà níbẹ̀ á tún lu tíúbù tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi sánpépà ha ojú rẹ̀, ẹ fi sólúṣàn pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 títí kò fi ní tutù mọ́, kí ẹ tó tẹ ìlẹ̀mọ́ lé e. Ìkánjú níbí ló ń jẹ́ kó tú. Ẹ tún mú tíúbù 2, pọ́ǹpù, wáyà bíréèkì, irinṣẹ́ ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà 4, 5 àti 6 mílímítà.

Omi lítà 4 ni kó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó pàgọ́. Bí omi odò ni, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1.

Ẹ wá ibùsùn ní wákàtí 2 kí oòrùn tó wọ̀. Bí ilẹ̀ bá lólúwa, ẹ tọrọ àyè. Ẹni tó tọrọ àyè ń sùn ju ẹni tó sá pamọ́ lọ. Ẹ sá fún ojú odò gbígbẹ, torí òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún lè kún ibẹ̀ lóru. Ẹ sá fún abẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ pẹ̀lú. Kí ẹ tó na àgọ́, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ lè mọ ibi tó ga, kí orí sì kọ síbẹ̀. Ẹ má dáná nínú àgọ́ láéláé: kábọ́ọ̀nù mònọ́ọ̀sáídì, afẹ́fẹ́ olóró tí iná ń tú jáde, kò ní òórùn, a kì í fojú rí i, ó sì ń pani lójú oorun.

Nítorí pé ẹ dá wà, kí ẹnì kan ní ọ̀nà yín àti ibùsùn alaalẹ́ lákọsílẹ̀. Ẹ fi àdéhùn sí aago kan tí ẹ ó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, àti ohun tó máa ṣe bí kò bá gbúròó yín: bí àpẹẹrẹ, kó dúró di aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó pe àwọn tó wà nítòsí ibẹ̀ àti ọlọ́pàá. Láìsí àdéhùn yìí, á pariwo nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán, tàbí kó dákẹ́ pẹ́ jù. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ pa fóònù, torí wíwá a ló ń jẹ bátìrì.

Ẹ sùn lálẹ́ ìkẹyìn síbi tó kù kìlómítà 20 sí 25 sí ilé. Ọjọ́ ni kí ẹ sọ fún àwọn ará ilé, ẹ má sọ wákàtí, nítorí bí wọ́n bá ń retí yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin náà á máa sáré pẹ̀lú àárẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Bí ẹ bá dé, ẹ yọ àgọ́ nínú àpò lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sá a títí ojú rírán rẹ̀ á fi gbẹ, torí èébu ń jẹ ìpele tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ nu ṣéènì, kí ẹ tún ta sípókù ẹ̀yìn wò kí ẹ tó mú ọjọ́ ìpadà.