Ọ́ìlì dámpà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Morris Minor, MGB tàbí Mini àtijọ́ tó ní kábúrétọ̀ SU (ẹ̀rọ tó ń da epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì), bí ọkọ̀ bá ń kọsẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rótù lójijì, ẹ wo ọ́ìlì dámpà kí ẹ tó tú ohunkóhun palẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ọwọ́ tú ìdérí kékeré tó wà lókè kábúrétọ̀ (ọ̀pá dámpà ló so mọ́ abẹ́ rẹ̀), ẹ fà á sókè, kí ẹ sì rọra tì í padà. Bó bá ti ń le mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tó ku nǹkan bíi mìlímítà 6 kí ìdérí náà jókòó, ọ́ìlì pé. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ rọ ọ́ìlì sí i díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50 tó wà nílé yín ti tó. Bó bá tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á fa àṣẹ́kù mu. Ohun tí ọ́ìlì yìí ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí písítìnnì inú kábúrétọ̀ fò sókè ní kíá, nítorí náà àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ á ki (epo inú rẹ̀ á pọ̀ sí i) fún ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ á sì gbéra dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kò lè wo písítìnnì tó há. Ẹ yọ dámpà àti fílítà afẹ́fẹ́, ẹ fi ìka gbé písítìnnì náà sókè, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: bí kò bá já wálẹ̀ kó dún kọ́, fífọ̀ ló kàn.