Ọ̀pá Dúdú Nínú Fọ́tò: Bí A Ṣe Ń Mú Ṣọ́tà Kámẹ́rà àti Fíláàṣì Sítúdíò Ṣe Déédéé

Ìyàwó ti múra tán, gèlè ti dúró, ẹ tẹ kámẹ́rà, fíláàṣì kọ mànà. Ẹ wá wo fọ́tò: ojú dára, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ń dán, àmọ́ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ dúdú bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún. Fíláàṣì ò bàjẹ́ o, kámẹ́rà náà ò bàjẹ́. Ṣọ́tà ni ẹ jẹ́ kó yá jù.

Nínú kámẹ́rà tí a máa ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀, kọ́tìnnì kékeré méjì ló wà níwájú sensor, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán. Kọ́tìnnì méjèèjì yìí là ń pè ní ṣọ́tà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, èkíní á ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Tí àsìkò tí ẹ dá fún un bá pé, èkejì á tẹ̀ lé e, á bo sensor padà. Ìrìn kan náà ni àwọn méjèèjì ń rìn, ẹ̀ báà fi sí 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀ báà fi sí 1/4000. Ohun tó ń yí padà ni bí èkejì ṣe ń pẹ́ tó kó tó gbéra. Ní 1/125, èkíní á ti ṣí tán, gbogbo sensor á wà ní gbangba fún ìgbà díẹ̀. Ní 1/1000, èkíní ò tíì rìn jìnnà tí èkejì ti ń lé e bọ̀. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín wọn, òun ló ń sáré kọjá lójú sensor.

Ìyẹn ò kan oòrùn, torí oòrùn ń ràn lọ ni. Ti fíláàṣì yàtọ̀: púpọ̀ nínú wọn á tàn, á sì ti kú, láàárín nǹkan bíi 1/300 sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá. Ibi tí kọ́tìnnì bá bò lásìkò yẹn, dúdú ló máa jẹ́.

Torí náà kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà tirẹ̀, ìyẹn ibi tí ṣọ́tà lè yá dé kí fíláàṣì ṣì kárí gbogbo fọ́tò. Ti Canon 6D jẹ́ 1/180, ti Canon 5D Mark IV jẹ́ 1/200, ti Nikon D850 àti Sony A7 III jẹ́ 1/250. Pentax K1000 onífíìmù ò kọjá 1/60. Ẹ má kàn gba nọ́ńbà inú ìwé gbọ́ tán ṣá, torí trigger aláìlówáyà (ẹ̀rọ kékeré orí kámẹ́rà tó ń sọ fún fíláàṣì pé kó tàn) tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú máa ń fi àsìkò díẹ̀ ṣòfò kó tó jíṣẹ́ fún fíláàṣì, kọ́tìnnì kejì á sì ti gbéra. Ẹ dán tiyín wò.

Ẹ wá ògiri funfun, tàbí kí ẹ ta bẹ́dííṣíìtì funfun. Ẹ gbé fíláàṣì kọjú sí i láti nǹkan bíi mítà méjì, ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé. Ẹ yí i sí M (ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa yan gbogbo nọ́ńbà), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gbọ́ ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 (aperture, bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó). Ẹ pa silent shutter (ìyàwòrán tí kì í dún), torí lọ́pọ̀ kámẹ́rà fíláàṣì kì í jẹ́ tó bá wà níbẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, ẹ fa aṣọ fèrèsé. Ẹ wá yà á ní 1/125, 1/160, 1/200, 1/250 àti 1/320, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan. Bí kámẹ́rà ò bá gbà kí ẹ kọjá nọ́ńbà kan, kì í ṣe àìsàn: ó ti dá trigger mọ̀ ni, ó sì ń ṣọ́ ààlà fún yín.

Ẹ fẹ fọ́tò kọ̀ọ̀kan lójú, kí ẹ wo etí òkè àti etí ìsàlẹ̀. (Tí ẹ bá dá kámẹ́rà dúró lóòró, ẹ̀gbẹ́ lẹ máa wò.) Ní 1/320 ọ̀pá dúdú náà lè nípọn débi tí ẹnikẹ́ni á rí i. Ní 1/250 ó lè tín-ín-rín. Ní 1/200 ó lè ṣẹ́ ku òjìji lásán, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka tó ní èédú nu ìsàlẹ̀ fọ́tò. Òjìji yẹn ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Lórí aṣọ ẹ̀yìn dúdú, ẹ ò ní rí i rárá, ẹ ó kàn máa rò pé iná ò dé ìsàlẹ̀. Ìdí tí a fi ní kí ẹ lo ògiri funfun nìyẹn. Nọ́ńbà tó bá mọ́ tónítóní ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún fi ìgbésẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ sí i: bí 1/200 bá mọ́, 1/160 ni kí ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kámẹ́rà.

Ẹ má bẹ̀rù pé fọ́tò á mọ́lẹ̀ jù nítorí pé ẹ dín ṣọ́tà kù. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì ò mọ ṣọ́tà. Aperture, ISO àti agbára tí ẹ fún fíláàṣì ló mọ̀. Iná yàrá àti oòrùn ni ṣọ́tà ń ṣàkóso. Nítorí náà, kí oníbàárà tó jókòó, ẹ pa trigger, kí ẹ ya fọ́tò kan ní 1/160, f/8, ISO 100. Ó gbọ́dọ̀ dúdú kirikiri. Tí ẹ bá rí nǹkan nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan ń yọ́ wọlé. Ṣọ́ọ̀bù onídígí tó kọjú sí títì ní Surulere á fi èyí hàn yín lọ́sàn-án gangan. Ẹ ta aṣọ sí dígí náà. Tí ẹ bá ń lo 1/60 nítòsí gílóòbù pupa, léèsì funfun á yọ pọ́ńkán díẹ̀, ibi tí ìyàwó bá ti yí aṣọ rẹ̀ á sì ní òjìji.

Lójú kámẹ́rà mirrorless (èyí tí kò ní dígí nínú, tó ń fi sikíríìnì hàn yín ohun tí ẹ fẹ́ yà), ètò yìí máa ń sọ sikíríìnì dúdú, ẹ ò ní rí ẹni tí ẹ fẹ́ yà. Ẹ pa exposure simulation, ohun tó ń jẹ́ kí sikíríìnì ṣú tàbí mọ́ bí fọ́tò ṣe máa rí. Sony ń pè é ní Setting Effect. Ó yẹ kí wọ́n kọ èyí sára páálí kámẹ́rà.

Kì í ṣe gbogbo dúdú ni ti ṣọ́tà. Bí fọ́tò bá dúdú pátá, ẹ wò bóyá channel (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn) trigger àti ti fíláàṣì bára mu, bóyá trigger wọ inú hot shoe, ojúhò orí kámẹ́rà, dáadáa. Bí fọ́tò kan bá mọ́, tí èyí tó tẹ̀ lé e ṣú díẹ̀ káàkiri, iná ni. Bí fíláàṣì bá ń gba agbára padà, ó máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” á kérora. Ẹ dúró títí fíláàṣì á fi dún píì. Ẹ fi agbára rẹ̀ sí 1/4 bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì yọ fíríìjì kúrò lára jẹnẹrétọ̀ náà. Ti ṣọ́tà máa ń ní etí tó gún gbọọrọ. Ti iná kì í ní etí.

Létíkun Ẹlẹ́gùṣì, ọ̀rọ̀ yí padà. Lábẹ́ oòrùn gangan, ISO 100 àti 1/200 máa ń fẹ́ f/11. Ẹ wá fẹ́ f/2.8 kí ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà lè ṣe bàìbàì: ìyẹn fẹ́ 1/3200, tó kọjá ààlà pátápátá. Fíláàṣì tó ní HSS (high-speed sync, bíbá ṣọ́tà tó yá ṣiṣẹ́) á ṣe é, torí ó ń tàn léraléra bí àlàfo ṣe ń sáré, àmọ́ agbára rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ gan-an. Ẹ ní láti gbé e súnmọ́ ojú ènìyàn. Tí fíláàṣì yín ò bá ní HSS, ẹ dúró ní 1/200, kí ẹ fi filter ND16, dígí dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, sí ojú lẹ́ǹsì. Ẹ kọ́kọ́ fókọ́ọ̀sì kí ẹ tó fi sí i, torí ojú lẹ́ǹsì á ṣókùnkùn.

Bí ẹ bá ra fíláàṣì tòkunbọ̀ àtijọ́, ẹ má fi wáyà so ó mọ́ kámẹ́rà tààrà. Iná tó wà nínú òmíràn níbẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún fólíìtì lọ sókè, ó lè jó ẹ̀yà oníná inú kámẹ́rà òde òní. Trigger aláìlówáyà ni kí ẹ fi sáàárín wọn.