Gíláàsì nìkan ni mo pààrọ̀, mi ò fọwọ́ kan férémù

Fèrèsé pálọ̀ mi tó jẹ́ onígíláàsì méjì yẹn, ìrì ti wọ àárín ẹ̀, mo nu inú mo nu ìta, kò lọ, torí àárín gan-an ni omi wà. Rọ́bà tó dí etí ẹ̀ ló ti jẹrà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà láàárín gíláàsì méjèèjì, hóró tó ń fa omi ló wà nínú ẹ̀, tíyẹn bá ti mu omi yó, ó parí nìyẹn.

Ẹnìkan ní kí n lu ihò sí i kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó lè mọ́ lójú o, àmọ́ hóró yẹn ò ní jí padà. Ẹlòmíì ní kí n yọ gbogbo ẹ̀ dànù, férémù tí kò tẹ̀ tí kò jẹrà! Rárá o.

Mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yọ bíìdì, ìyẹn àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó di gíláàsì mú létí férémù, èyí tó gùn jù ni mo kọ́kọ́ yọ, mo wọn gíga, fífẹ̀ àti nínípọn, tèmi jẹ́ 24 mm: gíláàsì 4, àlàfo 16, gíláàsì 4. Wọ́n ṣe onígíláàsì méjì tuntun fún mi.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ férémù, ìdọ̀tí dúdú ti dí i pa, wáyà ni mo fi tú u. Àṣé omi tó ń dúró síbẹ̀ ló ń jẹ rọ́bà náà látọjọ́ yìí! Mo dá ike pẹlẹbẹ tí gíláàsì ń jókòó lé padà, mo gbé gíláàsì tuntun lé e, mo wá to bíìdì, kúkurú ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ti mọ́ kedere báyìí.