Bí Mo Ṣe Yan Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ Tó Ń Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Wa

Nínú gbogbo ohun tí a rà sílẹ̀ de ọmọ wa, ibi tí yóò máa sùn ló gba àkókò mi jù. Aṣọ kò nira, bí ó bá kéré, a ó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n lójú oorun ni ọmọ tuntun ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀, tó bá sì di òru, àwa náà ń sùn, ojú wa kò sí lára rẹ̀. Mo fẹ́ ohun tí mo lè gbọ́kàn lé nígbà tí mo bá ti sùn lọ.

Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi ti sọ ọ́ gbangba: kí ọmọ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wa fún oṣù 6 àkọ́kọ́ ó kéré tán, ṣùgbọ́n kí ó ní ibùsùn tirẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà náà sọ nìyẹn nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022. Bẹ́ẹ̀dì àgbà rọ̀ jù fún ọmọ, ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora kún orí rẹ̀, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ lè yí lu ọmọ láì mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tuntun ń mu ọyàn tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Ìyá tó ń dìde lọ síbi bẹ́ẹ̀dì ọmọ nígbà gbogbo yẹn, tó ń jókòó sórí àga láti fún un lọ́yàn, oorun lè gbé e lọ níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà, orí àga onífóòmù sì léwu fún ọmọ ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àgbà nìyẹn, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣeé sọ̀ kalẹ̀, tí n óò kàn na ọwọ́, n óò gbé ọmọ, n óò fún un lọ́yàn, n óò sì dá a padà sáyè rẹ̀ láì sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kí n tó wo èyíkéyìí nínú wọn, bẹ́ẹ̀dì tiwa ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. Ohun tí mo rí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò dá nìyẹn, mo sì gbà pé òun ni iṣẹ́ náà gan-an. Kò sí bẹ́ẹ̀dì ọmọ irú èyí tó dára fún gbogbo ilé, èyí tó bá bá bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti ní mu ló dára fún yín. Mo fi tépù wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí fóòmù. Mo wá dùbúlẹ̀ síbi tí mo máa ń sùn sí, ọkọ mi sì tún un wọ̀n, nítorí fóòmù máa ń rì tí ènìyàn bá wà lórí rẹ̀. Iye méjèèjì ni a kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọ̀nyí gùn, ó sì ní láti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àgbà kí wọ́n má baà dojú dé. Bẹ́ẹ̀dì tí pákó rẹ̀ kanlẹ̀, tàbí tí wọ́n kan àpótí ìkẹ́rù sí lábẹ́, kò ní gba irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ tiwa ṣófo, ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni igi tó yí fóòmù wa ká. Ó yọ síta ju fóòmù lọ. Bí bẹ́ẹ̀dì ọmọ bá fara ti igi náà, àlàfo yóò wà láàárín òun àti fóòmù wa, n kò sì rí ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí tó àlàfo yẹn. Ọmọ tuntun kò lágbára láti gbé orí rẹ̀ kúrò níbi tó bá há sí. Bí ara rẹ̀ bá yọ̀ wọ àárín méjèèjì, tí imú rẹ̀ fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóòmù, kò ní lè mí, kò sì ní lè ké. Mo gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan pé kí n ká tówẹ́ẹ̀lì, kí n fi dí i. Mi ò gbà, tówẹ́ẹ̀lì a máa tú, a máa yọ kúrò, òun fúnra rẹ̀ sì lè bo ọmọ lójú. Ọ̀nà tí a gbà ni pé a wá èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé tì sẹ́yìn, tí ibi tí ọmọ ń sùn sí lè ré kọjá lókè igi náà kí ó sì kan fóòmù wa gírígírí. Fóòmù wa ga ju igi náà lọ dáadáa, nítorí náà ó ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo ti pinnu pé n óò ra èyí tó dá dúró, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ga, n óò sì gbé e sítòsí. Ọmọ yóò sùn níbẹ̀ láìséwu, èmi ni n óò máa dìde.

Nípa gíga, mo kọ́kọ́ rò pé fóòmù ọmọ àti tiwa ló yẹ kó dọ́gba. Ìwé ìlànà àwọn tuntun ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ìlànà EN 1130 lórí ààbò bẹ́ẹ̀dì ọmọ, tí wọ́n tún ṣe ní Yúróòpù ní ọdún 2019, béèrè pé, bí wọ́n tilẹ̀ sọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ òbí kalẹ̀, odi kékeré kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù níbẹ̀ tí yóò ga tó mìlímítà 120 ju orí fóòmù ọmọ lọ. Odi yẹn ni kò ní jẹ́ kí ọmọ yí bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì àgbà, òun ni kò sì ní jẹ́ kí aṣọ ìbora tiwa yọ́ lọ bá a. Orí odi náà ló yẹ kó bá orí fóòmù wa dọ́gba, ọmọ a sì wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Gbogbo èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ pátá, tó kàn tẹ́jú lọ bá bẹ́ẹ̀dì àgbà, ni mo yọ kúrò nínú èyí tí mò ń wò, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n wá gba èyí tí ọmọ wọn lò. Inú mi dùn, mo sì lọ wò ó. Igi rẹ̀ le, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ya, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára àwọn tí wọ́n ti kéde pé kí àwọn òǹrà dá padà. Ṣùgbọ́n okùn gígùn tí wọ́n fi ń so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì àgbà ti sọnù. Okùn yìí a máa gba abẹ́ fóòmù kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òun ló ń fa bẹ́ẹ̀dì ọmọ mọ́ra kí àlàfo má baà yọ nígbà tí ènìyàn bá ń yí lójú oorun. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tà á lọ́tọ̀ mọ́. Mo sọ fún wọn pé, “Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè lò ó láìsí okùn yẹn.” Wọn ò bínú, àwọn gan-an ló bá mi wá òmíràn kiri lẹ́yìn náà.

Fóòmù ọmọ gbọ́dọ̀ le. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ kúrò. Èyí tí ojú ọwọ́ bá hàn lára rẹ̀, mo kọjá lọ. Mo tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká bóyá ìka méjì lè wọ àárín fóòmù àti odi, bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ ní ìrọ̀rùn, fóòmù náà kò bá àyè rẹ̀ mu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra fóòmù kejì lé e nítorí pé ó le jù lójú àgbà. Bó ṣe yẹ kó rí fún ọmọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti màmá mi jọ sọ pẹ́. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ apá orí bẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ rà ṣeé gbé ga ju ti apá ẹsẹ̀ lọ, kí ọmọ lè dagẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní ìyẹn ló dára fún ọmọ tó ń pọ wàrà. Wọ́n bi mí pé, “Tí ó bá bì nígbà tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ńkọ́, ṣé kò ní há a lọ́fun?” Mo ní, “Rárá mà. Mo ti bi agbẹ̀bí wa léèrè.” Ohun tí agbẹ̀bí sọ ni pé nígbà tí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà tí èémí ń gbà wà lókè, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wàrà tó bá gòkè wá yóò tún ṣàn padà síbi tó ti wá. Tí ọmọ bá dojú bolẹ̀ ni ọ̀nà oúnjẹ wá wà lókè. Ní ti kí orí ga, orí ọmọ tuntun wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le, tí ó bá dagẹ̀rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lè tẹ̀ kan àyà, kí èémí má lè kọjá. Ní ọdún 2022, Amẹ́ríkà fòfin de ohun ìsùn ọmọ tó bá dagẹ̀rẹ̀ ju dígírì 10 lọ. Mo tún sọ fún wọn pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń kéde pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn sùn, ní ọdún 1991 ní Ìlú Ọba àti 1994 ní Amẹ́ríkà, ikú òjijì lójú oorun láàárín àwọn ọmọ ọwọ́ ti dín ju ìdajì lọ. Màmá dákẹ́, wọ́n rò ó, wọ́n ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ kó tẹ́jú.” Mo ra bẹ́ẹ̀dì náà, a sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí gíga kan náà. A kò yí i padà rí.

Àwọn tó tà á fún wa fi ìrọ̀rí kékeré àti aṣọ onífóòmù tí wọ́n ń dè yí inú bẹ́ẹ̀dì ká kún un. Méjèèjì rẹwà, n kò sì lo ọ̀kankan. Òfin Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ló fòfin de aṣọ ìyíká náà pẹ̀lú, nítorí ọmọ lè fi imú tì í. Fóòmù àti aṣọ ìtẹ́ tó há mọ́ ọn dáadáa, kò sí nǹkan mìíràn tó wà ńbẹ̀. Bí òtútù bá mú, a wọ aṣọ tó nípọn sí ọmọ lọ́rùn.

Nígbà tí a tò ó tán, a fa okùn le, mo sì fi gbogbo agbára fa bẹ́ẹ̀dì náà kúrò lára tiwa láti wò ó bóyá yóò ṣí. Kò ṣí. Mo dùbúlẹ̀, mo pa iná, mo sì gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí síìpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n sì sọ ọ́ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo dúpẹ́ pé mo ṣe é, nítorí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n padà fi gbé ọmọ jáde fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí n tẹ̀ ba tàbí kí n dìde lójijì dùn mí wọnú egungun. Mo kàn ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo na ọwọ́, ọmọ ti dé àyà mi. Nígbàkigbà tí mo bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbé ẹ̀gbẹ́ náà sókè padà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkọ mi sì ń tún okùn fà, nítorí ó máa ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìwé ìlànà tiwa sọ pé kí a dáwọ́ dúró tí ọmọ bá wọn kílò 9, tàbí tí ó bá ti ń fi ọwọ́ àti orúnkún gbé ara rẹ̀ sókè, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ti orúnkún ló ṣáájú, ìwọ̀n rẹ̀ kò tíì sún mọ́ 9 rárá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni a gbé e sínú bẹ́ẹ̀dì ńlá tí odi rẹ̀ ga, tí àlàfo àárín igi rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Inú yàrá wa náà ni a gbé e sí, nítorí ọmọ kò tíì pé oṣù 6.